Kí ni Letmauk? Àlàyé lórí orúkọ àwọn bárékè wa, àti àwọn sójà tó kú síbẹ̀

Ní oṣù Jánúárì, lásìkò tí wọ́n ń ta báàjì ìrántí àwọn sójà kiri, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọ mọ́tò kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Bí a ṣe ń kọjá lẹ́nu géètì bárékè, ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ sókè, ó tún un kà, ó wá ní, "Bọ̀dá mi, kí ni Letmauk? Ṣé orúkọ èèyàn ni?" Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ó ní òyìnbó tó kọ́ bárékè náà ni. Màmá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní, "Rárá o, èdè Haúsá ni." Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè sọ tán kí mọ́tò tó dé Dùgbẹ̀. Mo ṣèlérí fún ọmọ náà pé n ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Orúkọ ibo ni àwọn orúkọ yìí?

Letmauk kì í ṣe orúkọ òyìnbó, kì í sì í ṣe èdè Haúsá. Abúlé kan ni ní orílẹ̀-èdè Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, ní ìlà oòrùn Íńdíà. Ní ọdún 1945, àwọn sójà tí wọ́n kó láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà bá àwọn ará Japan jà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí ogun parí, orúkọ abúlé náà bá wọn wálé, òun ni wọ́n fi sọ bárékè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ bárékè wa ṣe gba orúkọ. Arakan tó wà ní Àpápá ni orúkọ agbègbè tí Letmauk wà nínú rẹ̀, létíkun Bọ́mà. Láti Arakan kan náà ni Dodan ti wá. Myhoung tó wà ní Yábàá, bí a ṣe ń kọ Myohaung nìyẹn, ìlú ọba àtijọ́ kan ní Arakan tí àwọn sójà wa gbà lọ́wọ́ Japan ní oṣù Jánúárì ọdún 1945. Ní Yábàá yìí náà ni Marda wà, ṣùgbọ́n Marda kò sí ní Bọ́mà: ọ̀nà tóóró kan ni láàrin òkè ní Etiópíà, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti bá sójà Ítálì jà ní 1941. Abalti tó wà ní Súrùlérè, Etiópíà ni òun náà.

Ẹni tó bá ti dàgbà nígbà ayé ológun mọ Dodan dáadáa. Ibẹ̀ ni ojúkò ìjọba ológun wà kí wọ́n tó kó lọ sí Abuja ní 1991. Ibẹ̀ náà ni àwọn aṣojú Biafra ti wá jọ̀wọ́ ara wọn ní ọjọ́ 15 oṣù Jánúárì ọdún 1970. Gbogbo ìgbà tí rédíò bá pe Dodan Barracks, ojú ogun Bọ́mà ló ń pè. Mo gbọ́ orúkọ náà ní gbogbo ìgbà èwe mi, kò sí olùkọ́ kan tó sọ fún wa pé èèyàn wa kú síbẹ̀.

Kí ló gbé ọmọ Ọ̀wọ̀ tàbí ọmọ Ẹ̀gbá dé Bọ́mà?

Àwọn àgbà wa ń pe ogun yẹn ní ogun Hítílà. Orúkọ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, nítorí Hítílà wà ní Jámánì, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn sójà wa kò sì fi ojú kan ará Jámánì rí. Jámánì, Ítálì àti Japan ni wọ́n jọ da ọwọ́ wọn pọ̀ bá Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà, láti 1939 títí di 1945. Ítálì ni àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ pàdé, ní Sòmálíà àti Etiópíà. Ọjọ́ 25 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1941 ni wọ́n wọ Mogadishu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí Japan.

Kí ni Japan fi ṣe wá? Kò fi nǹkan kan ṣe wá. Ẹ wo Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà bí ẹni tó gba oko lọ́wọ́ onílẹ̀ ní abúlé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Nàìjíríà, Íńdíà àti Bọ́mà. Ní 1942, Japan ya wọ oko Bọ́mà, ó lé Gẹ̀ẹ́sì jáde, ó sì ń wo oko Íńdíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wá lọ kó àwọn ọmọ abúlé Nàìjíríà pé kí wọ́n wá bá òun gba oko tó bọ́ padà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní ìpín nínú oko náà, ẹni tó gbà á kò sì ṣẹ̀ wọ́n.

Ìdí kejì ni ẹrù. Arakan kún fún òkè, igbó àti odò, mọ́tò kò lè rìn níbẹ̀. Àwọn ọ̀gágun rò pé ẹni tó mọ ẹrù rù lórí lè gba ibi tí ìbaaka pàápàá kò lè gbà. Wọ́n tún rò pé gbogbo ọmọ adúláwọ̀ ló mọ igbó. Ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó láti Kánò àti Sókótó kò rí irú igbó bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn.

Royal West African Frontier Force ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà ń jẹ́. Nàìjíríà, Gold Coast tí í ṣe Gánà lónìí, Sàró àti Gáńbíà ló kó èèyàn sínú rẹ̀. Ẹ óò máa gbọ́ pé "dífíṣọ̀n" báyìí, "bàtálíọ̀n" báyìí. Ẹni tó bá mọ bí ìlú Yorùbá ṣe tò ti mọ ọ́n. Àwọn bíi mẹ́wàá tó jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan ni ìdílé. Bàtálíọ̀n dà bí àdúgbò, nǹkan bí 800 èèyàn. Dífíṣọ̀n ni odidi ìlú, tòun ti oníṣègùn, awakọ̀, akọ̀wé àti aláàárù rẹ̀. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ méjì ló kúrò ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà: dífíṣọ̀n 81 àti dífíṣọ̀n 82. Àpapọ̀ àwọn tó lọ tó nǹkan bí 90,000, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì lé ní ìdajì. Títí di òní, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà ní 81 l'Ékòó, wọ́n sì ní 82 ní Enugu.

Àwọn àmì tí wọ́n rán mọ́ apá aṣọ wọn wú mi lórí. Aláǹtakùn dúdú ni ti 81. Ànáǹsè ni, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast, ìyẹn ẹni tó jẹ́ fún wọn bí Ìjàpá ṣe jẹ́ fún wa. Ọ̀kọ̀ méjì tó fi ara gba ara wọn ni ti 82, wọ́n gba inú òṣùká aláàárù kọjá.

Ta ni sójà yìí kó tó di sójà?

Kì í ṣe jagunjagun bí àwọn Balógun Ìbàdàn àtijọ́. Ọmọ ilé ìwé ni, ọmọ àgbẹ̀, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ mẹ́káníìkì. Àwọn kan fẹsẹ̀ ara wọn lọ nítorí owó oṣù àti aṣọ, tàbí nítorí pé wọ́n fẹ́ rí ayé. Àwọn mìíràn wà tí ìjọba ní kí ọba àti baálẹ̀ fa kalẹ̀, wọn kò sì lè kọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ọ̀kan nínú wọn, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú. Isaac Fadoyebo ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní oṣù Jánúárì ọdún 1942. Kò sọ fún bàbá rẹ̀, kò sọ fún ìyá rẹ̀. Nítorí pé ó mọ̀wé, wọ́n fi í sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ológun kó máa tọ́jú àwọn tó gbọgbẹ́. Irú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ṣe nínú ogun yẹn nìyẹn: nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, awakọ̀, ẹni tó ń fi wáyà ránṣẹ́. Ẹ má ṣe rò pé ìyẹn ní kí ìbọn má bà wọ́n. Ẹ óò rí i níwájú.

Ní bárékè, èdè Haúsá ni wọ́n fi ń pàṣẹ, ọmọ Yorùbá sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ kíákíá. Òyìnbó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọ̀gá, kódà òyìnbó pọ̀ nínú àwọn sájẹ́ǹtì. Nínú gbogbo adúláwọ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ ogun yìí, Seth Anthony, ọmọ Gold Coast, ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè ọ̀gá sójà, ní 1942. Fún sójà tí kò ní àmì kankan lápá aṣọ, ọ̀run ló súnmọ́ ọn ju ipò ọ̀gá lọ.

Báwo ni ojúmọ́ rẹ̀ ṣe ń rí?

Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn láti Èkó. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí òkun kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Bombay ní Íńdíà, rélùwéè sì gbé wọn la ilẹ̀ Íńdíà já lọ sí ẹnu ààlà Bọ́mà. Ìparí ọdún 1943 ni àwọn ti dífíṣọ̀n 81 dé iwájú ogun.

Kí wọ́n tó rí ọ̀tá, ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ bá jà. Wọ́n ní kí wọ́n wọ àfonífojì odò Kaladan, kò sì sí ọ̀nà tó dé ibẹ̀. Wọ́n mú ṣọ́bìrì àti dígà, wọ́n la ọ̀nà tí mọ́tò jíípù lè gbà láàrin òkè, máìlì márùndínlọ́gọ́rin. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó fi ṣọ́bìrì la ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Ìbàdàn sí Èkó, lórí òkè gbágungbàgun. West African Way ni wọ́n sọ ọ́. Ibi tí ọ̀nà náà parí sí ni ìrìn ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, ohun gbogbo di ti orí. Ìbọn ńlá tí wọ́n tú palẹ̀, ọta, ìkòkò, oògùn, àpótí rédíò, orí ni wọ́n fi rù ú. Àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju aláàárù lọ pọ̀ níbẹ̀, nígbà àkọ́kọ́ ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mú ìbọn lọ́wọ́. Nínú gbogbo ìtàn ogun tí mo ti kà, àwọn wọ̀nyí ló ń dùn mí jù. Wọ́n ń wọnú ibi tí ọta ti ń fò, ẹrù ẹlòmíràn lórí, ọwọ́ òfìfo. Oúnjẹ kò lè dé bá wọn nílẹ̀, nítorí náà bàálù ló ń jù ú sílẹ̀ látòkè. Bí kùrukùru bá bo òkè, bàálù kò ní wá, ebi á pa wọ́n.

Ilẹ̀ ń ṣú, kí kálukú tó sùn yóò gbẹ́ kòtò tí yóò wọ̀. Ilẹ̀ ń mọ́, kí ìmọ́lẹ̀ tó yọ wọn yóò ti jí, wọn yóò dúró nínú kòtò yẹn pẹ̀lú ìbọn, nítorí ìdájí ni ọ̀tá fẹ́ràn láti dé. Wọn kì í dáná lóru. Wọ́n ń gbé oògùn ibà mì lójoojúmọ́ lójú ọ̀gá. Òjò Arakan kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò tiwa. Èyí tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju ìlọ́po mẹ́ta ti Ìbàdàn lọ, àárín oṣù mélòó kan péré ló sì ń rọ̀ ọ́ sí. Bàtà ń jẹrà mọ́ni lẹ́sẹ̀. Eṣúṣú ń gba ihò okùn bàtà wọlé.

Báwo ni ó ṣe ń kú?

Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan kú sógun, ìbọn ló ń wá sí wa lọ́kàn. Àwọn ológun fúnra wọn kì í kà á pọ̀ mọ́ra bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé wọn, ẹni tí ọta pa lójú ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó gbọgbẹ́ tó wá kú lẹ́yìn náà. Ẹni tí àìsàn pa tún wà lọ́tọ̀. Ẹnì kẹrin ni ẹni tó sọnù: wọ́n kò rí i láàyè, wọn kò sì rí òkú rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òun ló ń sọ ohun tí wọ́n máa kọ ránṣẹ́ sílé, àti ibi tí orúkọ náà yóò wà títí ayé.

Àìsàn ni apànìyàn tó ń fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́. Ọ̀gágun William Slim, olórí ẹgbẹ́ ogun ńlá Gẹ̀ẹ́sì tó jà ní Bọ́mà, Fourteenth Army, kọ ọ́ pé ní 1943, bí wọ́n bá gbé ẹnì kan tó gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun, ọgọ́fà èèyàn ni wọ́n ń gbé kúrò nítorí àìsàn. Ẹnì kan sí 120. Ibà, ìgbẹ́ ọ̀rìn, àti àrùn tí kòkòrò inú koríko ń kó ranni. Lẹ́yìn tí oògùn ibà di dandan ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rọjú díẹ̀.

Ọgbẹ́ ni ìkejì, ohun tó sì ń sọ ọgbẹ́ di ikú ni ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ọta bà nítan lónìí ní Ìbàdàn lè dé yàrá iṣẹ́ abẹ láàrin wákàtí kan. Ní Kaladan, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àkéte gbé e la igbó kọjá dé ibi tí wọ́n bá ti ro ilẹ̀ fún bàálù láti bà. Ìgbà mìíràn ọ̀tá wà láàrin àwọn àti ibẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Fadoyebo nìyẹn. Ní ìdájí ọjọ́ 2 oṣù Máàṣì ọdún 1944, òun àti àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà létí odò Kaladan. Wọn kì í ṣe ajagun, àwọn tó ń di ọgbẹ́ ni wọ́n. Àwọn ará Japan yọ sí wọn lójijì, wọ́n da ìbọn bò wọ́n. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀ ọ̀tún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù sílẹ̀ níbẹ̀ kú níkọ̀ọ̀kan níṣojú rẹ̀, títí ó fi ku òun àti ọmọ Sàró kan. Àwọn ará abúlé, Mùsùlùmí ilẹ̀ Arakan, ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn ní bòókẹ́lẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì fi wọ́n pamọ́ sínú ilé rẹ̀. Bí Japan bá rí wọn níbẹ̀, gbogbo ilé náà ni wọn yóò pa. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, kí ẹgbẹ́ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó padà dé ní oṣù Dìsẹ́ńbà. Fadoyebo tiro padà sílé, ó gbé ayé títí di ọdún 2012.

Mo sọ ìtàn rẹ̀ nítorí pé ó yè, ó sì lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ronú kan àwọn tó dùbúlẹ̀ tì í létí odò yẹn. Wọn kò kú nínú ìjà ńlá kankan tí ìwé ìtàn sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, eṣinṣin ń kùn lójú ọgbẹ́, kò sí ẹni tó lè gbé wọn. Bí sójà lásán ṣe ń kú nìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà.

Níbo ni wọ́n sin ín sí?

Ibi tó ṣubú sí ni. Wọn kì í gbé òkú wálé nígbà náà, ì báà ṣe ti òyìnbó, ì báà ṣe ti adúláwọ̀. Bí àyè bá wà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi aṣọ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ dì í, wọn yóò gbẹ́ ilẹ̀ tí kò jìn, wọn yóò kọ ibẹ̀ sínú ìwé. Bí ọ̀tá bá ń lé wọn bọ̀, kò sí àyè ìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó ni òkú? Ẹgbẹ́ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi àmì méjì sí okùn ọrùn sójà, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ lára méjèèjì. Ẹ wò ó bí wáàbìlì tí wọ́n ń kọ sára ẹrù ní gáréèjì. Bí sójà bá kú, wọn yóò já pupa mú lọ kí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, aláwọ̀ ewé yóò bá òkú wọlẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá padà wá hú egungun, òun ni yóò sọ ẹni tó jẹ́. Bí a kò bá rí òkú, tàbí tí àmì ọrùn ti sọnù nínú ẹrọ̀fọ̀ àti òjò, ẹni náà di aláìlórúkọ.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n hú àwọn tí wọ́n sin sí àwọn ibojì ojú ogun ní Akyab, Mandalay, Meiktila àti Sahmaw, wọ́n kó wọn jọ sí itẹ́ òkú kan tó ń jẹ́ Taukkyan, lẹ́yìn odi ìlú Rangoon. Ibojì 6,374 ti ogun yẹn ló wà níbẹ̀. 867 nínú wọn kò ní orúkọ. Láàrin itẹ́ òkú yìí ni wọ́n kọ́ òpó ìrántí gìrìwò sí, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ àwọn tí wọn kò rí ibojì wọn rárá sára rẹ̀. Orúkọ náà tó 27,000. Ọ̀pọ̀ jù lọ jẹ́ ọmọ Íńdíà, àwọn ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà sì wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní pàtó ni pé àyọrísí ogun ni kò jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí rí ìsìnkú tí ó yẹ kí wọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tún wà nínú òpó náà pé nítorí gbogbo ọmọlómìnira ni wọ́n ṣe kú. Èdè márùn-ún ni wọ́n fi kọ ọ́: Gẹ̀ẹ́sì, èdè Bọ́mà, Híńdì, Úrúdù àti Gurmukhi ti àwọn Síìkì. Kò sí Haúsá níbẹ̀, kò sí Yorùbá, kò sí Ìgbò, kò sí Twi. Àwọn tó kú nítorí ọmọlómìnira yìí, ìlú tí wọ́n ti wá kò sì ní òmìnira lọ́jọ́ tí wọ́n kú.

Lójú Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju bí ìwé ìjọba ṣe kọ ọ́ lọ. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá kú sógun tàbí sí ìrìn àjò, tí kò ṣeé gbé wálé, wọ́n máa ń gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wálé, ìyẹn ni wọ́n máa sin. Ilẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan gbà. Ogun Kírìjì pàápàá fi àyè ìyẹn sílẹ̀. Láti Arakan, kò sí irun, kò sí èékánná. Nílé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi kan lọ sógun Hítílà láti Ìṣẹ́yìn. Kò dé. Ìyá rẹ̀ kò gbà kí wọ́n ṣe òkú rẹ̀, nítorí pé wọ́n ní ó sọnù, ẹni tó sọnù sì lè dé. Ó ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ títí tí òun náà fi kú.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí wọn kò kọ orúkọ wọn rárá?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń da ogun méjì pọ̀. Ìròyìn tó jáde ní oṣù Eépírì ọdún 2021, tí gbogbo ayé gbé, ogun àkọ́kọ́ ló ń sọ, èyí tí wọ́n jà láti 1914 sí 1918. Àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso nígbà náà, Commonwealth War Graves Commission, ló ṣe ìwádìí ara rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó kéré tán 116,000 èèyàn, tó sì lè tó 350,000, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí wọn kò tilẹ̀ ṣe ìrántí wọn rárá. Ọmọ Áfíríkà àti ti Àárín Ìlà Oòrùn ni ọ̀pọ̀ jù lọ, àwọn aláàárù ló sì kún inú wọn. Àjọ náà tọrọ àforíjì, mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tọrọ àforíjì nínú ilé aṣòfin.

Kì í ṣe àṣìṣe akọ̀wé ló fà á. Wọ́n jókòó, wọ́n sì pinnu rẹ̀. Òfin àjọ náà ni pé gbogbo ẹni tó kú yóò ní orúkọ lórí òkúta, olówó àti tálákà bákan náà. Ṣùgbọ́n ní 1923, Guggisberg, gómìnà Gold Coast, sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ kò ní mọ ìtumọ̀ òkúta orí ibojì. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì gbé ìwé náà kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwa tí a ń sin bàbá wa sínú ilé tí a ń sùn, tí a ń fi orúkọ òkú sọ ọmọ tuntun, ni wọ́n ní a kò mọ ohun tí ibojì jẹ́. Ní Nairobi, Mombasa àti Dar es Salaam, ère ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn sójà adúláwọ̀ àti aláàárù ogun náà, láìkọ orúkọ ẹnì kankan. Àwọn ará Èkó àtijọ́ rántí tiwa, Sójà Ìdúmọ̀tà, ère sójà kan àti aláàárù kan tó dúró tì í.

Nígbà tí ogun kejì fi parí, wọ́n ti yí ìwà yẹn padà. Ìdí nìyẹn tí orúkọ àwọn sójà Bọ́mà wa fi wà ní Rangoon.

Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù Jánúárì?

Èyí kò gùn. Ọjọ́ 11 oṣù Nòfẹ́ńbà ni ìrántí náà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí ogun àkọ́kọ́ parí ní 1918. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba gbé e wá sí ọjọ́ 15 oṣù Jánúárì, ọjọ́ tí àwọn aṣojú Biafra jọ̀wọ́ ara wọn ní Dodan. Nítorí náà báàjì kan náà, ẹyẹlé kan náà tí wọ́n ń tú sílẹ̀, ló wà fún àwọn ti ogun méjèèjì, ti ogun abẹ́lé, àti àwọn tó ń kú lónìí ní Bọ̀rọ̀nú.

Bí ẹ bá fẹ́ wá ẹni yín

Àjọ tí mo dárúkọ lókè yìí ti kó gbogbo orúkọ tó wà lọ́wọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè wá a lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ orúkọ, ogun tó jẹ́, àti orílẹ̀-èdè tó ti jà. Kò ní rọrùn. Akọ̀wé bárékè ló kọ orúkọ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, kò sì mọ orúkọ bàbá ẹni. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ìlú ni wọ́n fi dípò orúkọ bàbá. Àjàyí tó wá láti Ìbàdàn lè di Ajayi Ibadan. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ ìdílé nìkan wá a. Ẹ fi orúkọ ìlú wá a pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ ọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí òyìnbó lè gbà ṣì í kọ.

Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi pọ̀ mọ́ orúkọ ìdílé wa, kò rí nǹkan kan. Ó pa á rẹ́. Ó bi mí bí òyìnbó yóò ṣe kọ Ìṣẹ́yìn.